Bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó bọ́jú tán, fóònù mi á ti dún. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, tẹlifíṣọ̀n wo ni Arsenal wà lónìí?" Bí mo bá ti dá a lóhùn tán, ìbéèrè kejì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù báyìí níbí? Ọdún ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Maryland. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí nínú mọ́tò, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọ, títí tó fi di pé mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Bàbá mi ló fi bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́ fi lé ọmọ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe gbà á.

Kí gan-an ló ń bí yín nínú? Ṣebí bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n ń gbá káàkiri ayé?

Bọ́ọ̀lù kan náà ni. Ìṣẹ́jú 45, ìsinmi díẹ̀, ìṣẹ́jú 45 míì. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí àwọn eré tí Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù ni pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré, abala mẹ́rin ló ní, wọ́n sì ń dúró lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wó ẹni tó gbé e. Basketball náà, abala mẹ́rin, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì lè ní kí eré dúró nígbà tó bá fẹ́. Baseball ń dúró nígbà gbogbo tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gba ipò ẹgbẹ́ kejì. Inú àwọn ihò wọ̀nyẹn ni tẹlifíṣọ̀n wọn ti kọ́ṣẹ́: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń polówó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ohun tó ṣẹlẹ̀ fi hàn.

Nígbà tí wọ́n wá pàdé eré tí kò nihò, ọwọ́ wọn kò gbélẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ bo ibi tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n á to nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Wọ́n á máa tún góòlù àná fi hàn nígbà tí ẹnìkan ń fa bọ́ọ̀lù lọ sójú ilé lónìí. Gbogbo ẹ̀sùn tí mo ní, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣàn wá: wọn kì í fi eré náà sílẹ̀ kó ṣe ara rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń dá bọ́ọ̀lù dúró torí ìpolówó ọjà?

Wọ́n ti ṣe é rí. Ní ọdún 1967, wọ́n dá líìgì tuntun kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ló sì ń gbé e jáde. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ rẹfirí lára. Bó bá ti dún, ìpolówó ti yá nìyẹn. Rẹfirí kan tó ń jẹ́ Peter Rhodes jẹ́wọ́ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pé nínú fáòlù 21 tí òun fọn fèrè sí, 11 jẹ́ torí ìpolówó. Ẹ rò ó wò ná. Ọmọkùnrin kan ti gba bọ́ọ̀lù, ó ti yọ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ọ̀nà ti là gbẹrẹgẹdẹ níwájú rẹ̀, fèrè dún. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó dúró, ó ń wo rẹfirí, rẹfirí ń wo ilẹ̀.

Nígbà tó di 1990, TNT ló ń gbé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Ítálì jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò fọn fèrè irọ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi pápá sílẹ̀ lọ síbi ìpolówó nígbà tí eré ṣì ń lọ. Àwọn àgbà tó ti wà níbí nígbà náà sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Univision làwọn sá lọ. Wọn kò gbọ́ Sípáníìṣì ẹyọ kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọdún 1994 ni Amẹ́ríkà gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fúnra rẹ̀, ABC àti ESPN sì rí ọgbọ́n kan dá. Wọ́n gbé aago sí igun àwòrán, wọ́n fi àmì onígbọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ aago náà, wọn kò sì gé ìṣẹ́jú kan kúrò nínú eré. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, n kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó polówó. Wọ́n rí owó wọn, àwa náà rí bọ́ọ̀lù wa. Nígbà tẹ́nìkan bá sọ fún mi pé kò sí ọ̀nà míì tí òwò náà lè gbà lọ, 1994 ni mo máa ń nawọ́ sí. Àwọn gan-an ló ṣe é, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Kí wá ni ti ìsinmi mímu omi yẹn?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni FIFA kéde rẹ̀: nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, eré á dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní abala kọ̀ọ̀kan kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Ooru mú o, ooru ò mú o. Kódà ní pápá tó ní òrùlé tó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹni tó bá mọ bí oòrùn oṣù Keje ṣe ń rí ní Dallas tàbí ní Houston kò ní bá ẹni tó fẹ́ mu omi jà. Kí ara àwọn ọmọ yẹn le ló ṣe pàtàkì jù. Ṣùgbọ́n bí omi bá jẹ́ torí ooru, kí wọ́n wo ooru kí wọ́n tó fọn fèrè, bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fọn láìwo ojú ọ̀run sọ abala méjì di mẹ́rin. Ikọ̀ tó ti há alátakò rẹ̀ mọ́ igun, tí góòlù ti ń rùn bọ̀, á gbọ́ fèrè, akọ́nimọ̀ọ́gbá kejì á sì pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ láti tún wọn tò. Eré tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe èyí tó dúró mọ́.

Irú ìpolówó míì tún wà tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀: wọ́n á sún pápá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á fi ìpolówó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, pàápàá bí ẹnìkan bá ṣubú tàbí bí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. Bọ́ọ̀lù náà á wá kéré bí ìtẹ̀ fóònù. Mo ti pàdánù góòlù kan bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n jù ú wọlé kíákíá, ẹnìkan forí kàn án, nígbà tí àwòrán fi máa padà tóbi, àwọn ọmọ náà ti ń dì mọ́ra wọn.

Kí ló dé tí àwọn asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn kì í fi í dákẹ́?

Torí wọ́n kọ́ iṣẹ́ níbi tí ìdákẹ́jẹ́ ti jẹ́ àléébù. Nínú baseball, bọ́ọ̀lù lè má kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un fún ìgbà pípẹ́. Ìtàn ìgbésí ayé onítọ̀hún, iye ìgbà tó ti ṣe báyìí, ohun tó jẹ láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ni asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi kún àyè yẹn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹni náà wá síbi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, á ṣì máa sọ ìtàn nígbà tí bọ́ọ̀lù ti kọjá àárín.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, ẹni tí ESPN àti ABC fi ṣe olórí asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn, láti ìdí baseball ni wọ́n ti mú un. Ní 2013, Fox mú Gus Johnson, ọ̀gá nídìí basketball àti bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, kó máa sọ Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó tayọ ní Yúróòpù. Ní 2014 ó fi í sílẹ̀. N kò bú ọkùnrin náà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì sapá gidigidi láti kọ́ eré náà. Àwọn tó gbà pé ẹni tó bá lè pariwo síbì kan lè pariwo síbi gbogbo ni mo ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, pẹ̀lú Bulgaria, ní Cotton Bowl ní Dallas. Òru ni lọ́dọ̀ wa. Ọmọdé ni mí. Bàbá mi jí mi, ó ní kí n wá jókòó, kí n má sọ̀rọ̀ kí ìyá mi má baà jí. Àwọn ará àdúgbò bíi mẹ́wàá ti kún pálọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, gbogbo ojú wà lára tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo. Ní ìṣẹ́jú 21, Finidi fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀tún, Rashidi Yekini sì tì í wọlé. Ó sáré wọ inú ilé góòlù náà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó di í mú, ó ń mì í, ó ń sunkún, ó ń pariwo ohun tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Bàbá mi gbàgbé ìyá mi. Ó kígbe, "Yẹkínì ọmọ Kwárà!" Gbogbo ilé jí.

Ní 2012 ni Yekini kú, ní Ìbàdàn, ojú àwọ̀n yẹn ṣì wà níwájú mi. Nígbà tí irú nǹkan báyẹn bá ń ṣẹlẹ̀, kí ni asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ fi kún un? Kó pe orúkọ ẹni tó gbá a, kó pe orúkọ ẹni tó fún un, kó sì jẹ́ kí a gbọ́ ariwo pápá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dájú mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn ní 2010 nígbà tí ESPN gbé Martin Tyler àti Ian Darke wá. Kì í ṣe torí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n panu mọ́ ni.

Ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wa?

Mo gbọ́, ó sì máa ń dùn mí. Atamátàsé ikọ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, Folarin Balogun, Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní 2001, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí, ọmọ Yorùbá ni. Fọlárìn Balógun. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dún bí orúkọ tí òyìnbó ń pe ìbọn. Balógun kì í ṣe ìbọn. Oyè ni, oyè ẹni tó ń ṣíwájú ogun. Ìbàdàn ṣì ń jẹ ẹ́ títí dòní. Fọlárìn sì ni ẹni tó ń fi ọlá rìn. Ọmọ tó jẹ́ irú orúkọ yìí, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn, ṣé kò tó ẹni tí wọ́n á bi léèrè bó ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀?

Ẹ wo Ademola Lookman. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé Leverkusen nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin. Ní ìparí ọdún náà wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní Áfíríkà. Lẹ́nu àwọn kan, Adémọ́lá di ohun tí n kò lè fi àmì sí lórí. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti pe orúkọ, kó kọ́ orúkọ pípè. Wọ́n máa ń pe ti àwọn ará Poland àti Croatia dáadáa, àwọn tí kọ́ńsónáǹtì wọn tò bí èèrà. Ẹnìkan ló jókòó kọ́ wọn. Ti Bùkáyọ̀ Saka ti Arsenal kò le tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn míì kì í lọ sí pápá rárá. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà kò yege láti lọ, ọ̀pọ̀ asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Fox ló sì jókòó sí sítúdíò ní Los Angeles, tí wọ́n ń wo àwòrán tí àwa náà ń wò. Ẹni tó jókòó sí pápá máa ń rí ohun tí kámẹ́rà kò yà: ẹni tó ń gbóná ara lẹ́bàá ìlà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń nàka sí ẹnìkan, aṣọ́lé tó ti fi ilé sílẹ̀ jìnnà. Ẹni tó jókòó sí Los Angeles kò rí ju èmi tí mo wà lórí àga mi lọ.

Ta ló ń ya àwòrán náà? Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń fi ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá hàn wá nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Níbí, ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí wọn. Bó bá jẹ́ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ HBS ló ń ya àwòrán fún gbogbo ayé láti 2002. Ohun tí Fox ń rí ni Lagos àti Tokyo ń rí. Premier League náà, àwòrán kan ló ń ti Ẹnglandi wá. Ẹ̀bi àwòrán irú ìyẹn kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fi lé e lórí ni tiwọn: nọ́ńbà, ìpolówó, ohùn, àti bí wọ́n ṣe ń tètè kúrò nígbà tí fèrè ìkẹyìn bá dún.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù fi fọ́n káàkiri báyìí? Nílé, DStv kan ṣoṣo ni mo ń san.

Ìbéèrè tó ń dun àpò jù nìyí. Kò sí ibì kan ṣoṣo tó ní gbogbo rẹ̀. NBC ló ni Premier League láti ìgbà eré 2013 sí 2014; díẹ̀ wà lórí NBC fúnra rẹ̀, díẹ̀ lórí USA Network, ọ̀pọ̀ sì wà lórí Peacock, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Champions League wà lọ́wọ́ CBS àti Paramount+ láti 2020. La Liga, líìgì ilẹ̀ Sípéènì, wà lọ́dọ̀ ESPN láti 2021. Líìgì Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, MLS, ti kó lọ sọ́dọ̀ Apple láti 2023. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, Fox ló ni ti Gẹ̀ẹ́sì, Telemundo ló ni ti Sípáníìṣì. Ẹni tó fẹ́ràn ikọ̀ kan ṣoṣo lè máa sanwó síbi mẹ́ta kó tó rí gbogbo ohun tí ikọ̀ náà gbá lọ́dún. Owó náà kò sì dúró lójú kan: Peacock bẹ̀rẹ̀ ní 2020 pẹ̀lú dọ́là 4.99 lóṣù, nígbà tó di oṣù Keje 2025, ó ti di 10.99.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Áfíríkà. beIN Sports ló ni Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Ní 2018, Comcast àti DirecTV yọ beIN kúrò lára ohun tí wọ́n ń fi hàn, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tó tóbi jù nínú àwọn tó ń ta ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò rí i mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, tí Nàìjíríà fẹ́ pàdé South Africa nínú ìdíje tó kángun sí àṣekágbá, ọ̀sán Ọjọ́rú ni níbí. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wa mọ́tò lọ sí ilé oúnjẹ ìyá kan tí mo mọ̀ pé ó ní ìkànnì náà. Àwọn tó ní irú èrò mi ti kún ibẹ̀. Àwọn kan wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan kò tíì bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wa jókòó pa pọ̀ bí ẹni pé ìlú kan náà la ti wá.

A ń borí pẹ̀lú góòlù kan. Osimhen gbá èkejì wọlé. Àga ṣubú, àmàlà dànù, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi. Ni VAR, àwọn tó ń fi fídíò ran rẹfirí lọ́wọ́, bá dá rẹfirí padà. Ó lọ wò ó, ó fagi lé góòlù wa, ó sì fún South Africa ní pẹnárítì fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níwájú ilé wa ṣáájú. Ọ̀mì di 1-1. Inú ilé oúnjẹ yẹn dákẹ́ bí ilé òkú. Nwabali, aṣọ́lé wa, ló gbà wá sílẹ̀ nígbà pẹnárítì, 4-2. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan tí kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ń ka góòlù lórí fóònù rẹ̀. Lẹ́tà lásán ló kà.

Ẹ̀rọ mi kò ní nǹkan kan, síbẹ̀ àwọn ará ilé máa ń rí góòlù ṣáájú mi. Kí ló fà á?

Àwòrán tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá máa ń pẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ yín á kó díẹ̀ pamọ́ kó má baà dákú láàárín, kó tó wá fi hàn yín. Ó lè fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ sí ohun tó ń ti ojú ọ̀run bọ́ sí díìṣì bàbá yín ní Òṣogbo. Àwọn tó ń wo ti orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ pa WhatsApp. Mo ti rí "Gooool, Jésù ṣeun" láti ọ̀dọ̀ àǹtí mi nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́sẹ̀ aṣọ́lé wa. Mo wá jókòó, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀, mo ti mọ ibi tó ń lọ.

Mo gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan sílẹ̀ kí n lè wò ó lálẹ́, kò pé. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ti ṣe mí rí. Eré baseball tó ṣáájú ló kọjá àkókò, bọ́ọ̀lù wá bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì míì, ẹ̀rọ mi sì dúró sórí ti àkọ́kọ́, ó ń gba baseball sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé bọ́ọ̀lù wá síbi tó wà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ti lọ. Ìgbà míì, ẹ̀rọ dá iṣẹ́ dúró ní ìṣẹ́jú 90 géérégé, àfikún ìṣẹ́jú ni góòlù sì wọlé. Ẹ fi wákàtí kan kún un. Ẹ má sì gbàgbé èsì tó máa ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán: ẹ lè jókòó ti ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ láti ìkànnì eré ìdárayá kan, kí ìlà ìsàlẹ̀ sọ èsì eré míì tí ẹ fẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń fi páálí bo ibẹ̀.

Ṣé kò sí ohun rere kankan ni?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham kò lè wo bọ́ọ̀lù aago 3 ọ̀sán Sátidé lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ẹnglandi, torí òfin wọn kò jẹ́ kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù hàn lójúkojú láti aago 2:45 sí 5:15 lọ́jọ́ náà, kí àwọn èèyàn lè máa lọ sí pápá. Èmi tí mo wà ní Maryland, aago 10 àárọ̀ ni, mo sì ń wo èyí tó wù mí. Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 tí wọ́n ń gbá lọ́dún ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè mí kí n sọ fún òun bí Arsenal ṣe ń ṣe, ní ìlú tí Arsenal wà!

Mo tún gbọ́dọ̀ yin sítúdíò CBS tó ń ṣe Champions League. Thierry Henry, Jamie Carragher àti Micah Richards, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù gidi, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí àwọn tó jókòó sí iwájú ilé lálẹ́. Inú sítúdíò ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kì í ṣe orí bọ́ọ̀lù tó ń lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ sí nìyẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé aago wọn ń ka ẹ̀yìn nígbà kan rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí MLS bẹ̀rẹ̀ ní 1996, láti 45 ni aago ń sọ̀kalẹ̀ dé òdo. Bí wọ́n bá sì ta ọ̀mì, agbábọ́ọ̀lù á gbé bọ́ọ̀lù láti yáàdì 35, ó ní ìṣẹ́jú àáyá 5 láti kojú aṣọ́lé. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nígbà tó di ọdún 2000. Ẹ rí i pé wọ́n lè gbọ́ràn.

N kò gbọ́ Sípáníìṣì. Ṣé kí n wo Telemundo tàbí Univision?

Ẹ wò ó. Áńténà lásán, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ojú fèrèsé, lè gbé wọn ní ọ̀pọ̀ ìlú láìsan kọ́bọ̀ lóṣù. Fox, NBC àti CBS náà á bá a wọlé. Ẹ kò nílò èdè láti mọ̀ pé Andrés Cantor, asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Telemundo, rí góòlù. Ọkùnrin náà á na ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn títí èémí á fi tán nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, Telemundo ló ní kí wọ́n tan fún òun. Ó ní àwọn yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀lù ń dùn mọ́.

Ọmọ mi tí mo bí síbí ní bọ́ọ̀lù sú òun. Kí ni kí n ṣe?

Tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 7. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wo ohun tó ń wò. Ọ̀rọ̀ ń lọ, nọ́ńbà ń lọ, ìpolówó ọkọ̀ kan ń yọjú, kò mọ èwo ni kó dojú kọ. Mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un lédè Yorùbá, bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná tí a sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò: Saka ti gbà á o, ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ó yà sínú, ó tún yà, ẹ wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọ náà dákẹ́ títí di ìsinmi. Ó wá bi mí, "Dádì, kí ni atamátàsé?" Mo sọ fún un. Nígbà tí abala kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ sí rìmóòtù, ó ní kí n má tan ohùn rẹ̀.